Dálíà Lórí Ebè Iṣu

Ọjọ́ tí Abọ́dúnrìn kọ ebè sí ẹ̀yìn ilé tó ń gbé ní Ibereko ní Àgbádárìgì, Màmá Zinsu tó ni ilé yọjú láti ojú fèrèsé. Ó wo ọkùnrin náà, ó wo ebè, ó tún wo ọkùnrin náà.

“Abọ́dúnrìn, ṣé iṣu lo fẹ́ gbìn sórí iyanrìn òkun ni?”

“Òdòdó ni, Màmá.”

“Òdòdó. Lórí ebè.”

“Òdòdó tó ń ta lábẹ́ ilẹ̀ bí iṣu ni, Màmá! Dálíà lorúkọ rẹ̀. Ẹ̀yin ẹ ṣáà máa wòran!”

Màmá Zinsu pa fèrèsé dé. Ó ṣí i padà. Ó ní, “Jiwheyẹwhe ṣie,” èyí tí í ṣe “Ọlọ́run mi” lẹ́nu àwọn Ègùn, ó sì wá pa fèrèsé náà dé tòótọ́.

Ẹ má dá màmá lẹ́bi. Kò sí nǹkan kékeré nínú ọ̀rọ̀ Abọ́dúnrìn. Ọmọ Ìkọ̀lé-Èkìtì ni, òun ló ń bójú tó ẹ̀rọ omi àti jẹnẹrétọ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ gíga kan lẹ́bàá títì márosẹ̀. Ó ti pẹ́ tó ti ń bá jẹnẹrétọ̀ du ọ̀rọ̀ sọ, ohùn rẹ̀ náà sì ti di ohùn jẹnẹrétọ̀. Bó bá kí èèyàn “ẹ káàárọ̀” ní Ibereko, ará Apa, ìlú mìíràn lọ́ọ̀ọ́kán, á dáhùn.

Àmọ́ kì í ṣe ariwo ló gbé ọkọ́ lé e lọ́wọ́ lọ́tẹ̀ yìí, ẹ̀rù ni. Tabitha ìyàwó rẹ̀ fẹ́ padà sí Ìkọ̀lé. Nọ́ọ̀sì ni. Ilé ìwòsàn tó ti kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ nígbà tó wà lọ́mọge ní àwọn ń fẹ́ ẹ padà, wọ́n sì ń retí èsì rẹ̀ kí oṣù Kẹwàá tó parí. Abọ́dúnrìn ò lè bá a lọ, ó ṣì kù díẹ̀ kó tó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tirẹ̀. Bí Tabitha bá lọ, ó di ọdún Kérésìmesì àti ọdún Àjíǹde kí wọ́n tó máa fojú kanra. Ọkùnrin tí kì í rí oorun sùn bí kò bá kọ́kọ́ gbọ́ tí ìyàwó rẹ̀ ń hanrun!

“Kì í ṣe ẹ̀yin ni mò ń sá fún, Bàbá Tẹjú,” Tabitha sọ fún un. Bàbá Tẹjú ló máa ń pè é, nítorí Tẹjúmádé, ọmọ wọn tó ti lọ sílé ọkọ. “Iyanrìn yìí ni. Tòmátì tí mo gbìn kú. Ẹ̀fọ́ tí mo gbìn pọ́n bí ẹni tí ibà pọ́njú ń bá jà. Láti ọjọ́ tí a ti dé Àgbádárìgì, kò sí nǹkan kan tó ta gbòǹgbò lọ́wọ́ mi. Iyanrìn yìí ò mọ̀ mí.”

Abọ́dúnrìn fò dìde nídìí ẹ̀wà, ṣíbí lọ́wọ́. “Bí mo bá mú kí iyanrìn yìí yọ ohun kan tó máa pa ẹ́ lẹ́nu mọ́, ṣé o ò ní lọ mọ́?”

“Ohun tó máa pa mí lẹ́nu mọ́? Ẹ̀yin tí ẹnu yín ò tíì pa dé láti ọjọ́ ìgbéyàwó wa?” Tabitha rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì kú díẹ̀díẹ̀ lójú rẹ̀. “Ó dáa. Bí mo bá rí i, n ò ní lọ.”

Bí dálíà ṣe wọ ọ̀rọ̀ tọkọtaya nìyẹn.

Ẹnì kan níbi iṣẹ́, tó lọ kí àwọn èèyàn rẹ̀ ní Jos, ló bá a mú hóró rẹ̀ bọ̀. Hóró náà dúdú, ó tẹ́ pẹlẹbẹ bí èékánná adìẹ, kò jọ ohun tó lè bí nǹkan gidi. Ní oṣù Kẹfà, Abọ́dúnrìn gbìn wọ́n sínú kéréètì ẹyin tó bu iyẹ̀pẹ̀ sí, ó sì ń fi ìka wọ́n omi lé wọn lórí bí àlùfáà Mẹ́tọ́díìsì ṣe ń wọ́n ọn sórí ọmọ ọwọ́. Nígbà tí wọ́n yọ ewé gidi, ó kó wọn lọ sórí ebè tó ti po iyanrìn rẹ̀ mọ́ èèpo àgbọn jíjẹrà àti ìgbẹ́ adìẹ. Ó ń bomi sí ìdí wọn láràárọ̀, kì í jẹ́ kí omi kan ewé. Ó ń ṣa ìgbín kéékèèké kúrò lára wọn, ó sì ń bú ìgbín kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Tabitha ní òun ò dá sí i. Ó jókòó sí ẹnu ọ̀nà, kò dá sí i, ó ń fi fóònù wo obìnrin kan tó ń kọ́ èèyàn bí wọ́n ṣe ń tọ́jú dálíà.

“Bàbá Tẹjú, obìnrin inú fóònù ní bí ewé bá ti tó bí ìpele mẹ́ta mẹ́rin, kí a gé orí ẹ̀ sọ nù.”

“Kí á gé kí ni?”

“Orí ẹ̀. Ọ̀mùnú òkè yẹn. Ó ní ìgbà yẹn ló máa pẹ̀ka.”

Abọ́dúnrìn di ọrùn ara rẹ̀ mú. “Ní Ìkọ̀lé, ẹni tó bá já orí ìtàkùn iṣu, bàbá mi kì í bá a jẹun lọ́jọ́ yẹn!”

“Iṣu kọ́ lèyí.”

“Ṣé ó ń ta lábẹ́ ilẹ̀ àbí kò ta?”

“Ó ń ta.”

“Ẹ gbọ́ o!” Ó yíjú sí ògiri bí ẹni pé adájọ́ ló jókòó síbẹ̀. “Ẹnu ara rẹ̀ ló fi sọ ọ́. Iṣu ni!”

Bó ṣe ṣe é bí iṣu nìyẹn. Ó ri ọparun gígùn mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó so wọ́n mọ́ ọn, ó ń lé wọn lọ sókè. Dálíà gùn. Ó gùn títí, ó tín-ín-rín bí okùn ìwọ̀, ó yọ orí kọjá ọgbà imọ̀ àgbọn tí wọ́n fi yí ẹ̀yìnkùlé ká. Lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìrudi ẹyọ kan ṣoṣo yọ, kò tó orí ìka. Lójú Abọ́dúnrìn, ayé ti bàjẹ́ fún gbogbo ọ̀tá. Ó sáré lọ sábẹ́ fèrèsé.

“Màmá! Wọ́n ti lóyún!”

“Ta ni bàbá ọmọ?” Màmá Zinsu dáhùn láti inú ilé.

Ní báyìí, Màmá Zinsu ní ewúrẹ́ kan tó ń jẹ́ Sísí. Zinsu ọmọ rẹ̀, apẹja, ní ọkọ̀ ojú omi àtijọ́ kan tí wọ́n dojú rẹ̀ dé sẹ́yìn ọgbà. Kò sẹ́ni tó ro nǹkan méjèèjì pọ̀ rí, àfi Sísí.

Ní Sátidé kan nínú oṣù Kẹjọ, Abọ́dúnrìn ti ibi iṣẹ́ dé, ó bá Sísí lórí ọkọ̀ náà bí oníwàásù lórí àga ìwàásù. Ó na ọrùn kọjá ọgbà. Ó ti gé gbogbo dálíà lórí, ọ̀kan ò ṣẹ́kù, ó gé wọn lọ́gbọọgba bí bábà tó mọṣẹ́. Ìrudi ìkẹyìn ṣì wà lẹ́nu rẹ̀. Ó ń jẹ ẹ́, ó ń wo Abọ́dúnrìn, ó jọ pé ó ń retí kí wọ́n kí òun kú iṣẹ́.

Igbe tí Abọ́dúnrìn ké lé àwọn ẹyẹ kúrò lórí ọ̀sà.

“Màmá! Ewúrẹ́ yín wọ ọgbà mi!”

Màmá Zinsu jáde. Ó yẹ ẹsẹ̀ Sísí wò, ó yẹ ọgbà wò. “Ewúrẹ́ mi ò wọ ọgbà rẹ. Ọrùn ẹ̀ nìkan ló wọ̀ ọ́.”

Gbogbo àdúgbò ń retí ogun. Àwọn kan tilẹ̀ ti gbé àga síta. Ẹ wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀: Abọ́dúnrìn dákẹ́. Ó wọlé, ó gun orí àga, ó gbé àpótí Tabitha sọ̀ kalẹ̀ láti orí kọ́bọ́ọ̀dù, ó sì ń fi àkísà nu eruku rẹ̀.

“Máa lọ, Tabitha,” ó ní. “Mo kàn ń fẹnu ṣe é ni. Iyanrìn yìí ò mọ èmi náà.”

Ohun tí Tabitha ti ń fẹ́ gbọ́ láti ọjọ́ yìí wá ló gbọ́ yìí. Ó yẹ kó ki aṣọ bọ inú àpótí. Ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn ló lọ dúró sí, ó ń wo àwọn kùkùté tín-ín-rín wọ̀nyẹn lórí ebè. Ó pẹ́ níbẹ̀.

“Ẹ gbé àpótí yẹn padà ná,” ó ní.

Abọ́dúnrìn gbé e padà, kò béèrè ìdí. Kò tẹ ẹ̀yìnkùlé mọ́. Ó ń jí, ó ń gba iwájú jáde, ó ń kí èèyàn wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, débi pé Màmá Zinsu pe Tabitha sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó bi í bóyá ibà ló ń ṣe ọkọ rẹ̀. Láràárọ̀ tó bá ń wọ bàtà, ó ń gbọ́ tí omi ń dà lẹ́yìn ilé. Ó rò pé aṣọ ni Tabitha ń fọ̀. Ó rí iyanrìn lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ó ní ìlú iyanrìn ni a kúkú wà. Oṣù Kẹsàn-án lọ. Oṣù Kẹwàá wọlé. Ojú Abọ́dúnrìn ò kúrò lára àpótí tó wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, Tabitha kígbe láti ẹ̀yìnkùlé. “Bàbá Tẹjú! Ẹ wá! Ẹ yára!”

Ejò! Abọ́dúnrìn fa àdá yọ, ó sáré jáde, bàtà wà lẹ́sẹ̀ kan, kò sí lẹ́sẹ̀ kejì. Ó gbé àdá sókè.

Àdá náà dúró sókè níbẹ̀.

Kò rí ebè mọ́. Kùkùté tí Sísí fi sílẹ̀ ti di igbó. Láti abíyá ewé kọ̀ọ̀kan, ẹ̀ka méjì ti yọ, ẹ̀ka sì ti bí ẹ̀ka, òdòdó sì là lórí gbogbo wọn, ó kún, ó tutù, ó ń wò ó. Pupa wà níbẹ̀ bí ẹyin iná tí wọ́n fi ń yan ẹja. Èyí tó dà bí ìyeyè pípọ́n wà níbẹ̀. Funfun wà níbẹ̀ bí lékeléke, elésè-àlùkò sì wà níbẹ̀ tó dúdú lọ sísàlẹ̀ bí ojú ọ̀run kí òjò tó dé. Ewé òdòdó tò léra wọn bí ìpẹ́ ẹja, ìpele lórí ìpele, wọ́n ń kéré sí i bí wọ́n ṣe ń lọ sáàárín, débi pé ojú á wọlé lọ, kò ní mọ ibi tó máa gbà jáde. Ìrì wà lórí wọn. Oyin ń kùn nínú wọn, oyin tí Abọ́dúnrìn ò mọ̀ pé ó ń gbé Ibereko. Afẹ́fẹ́ fẹ́ wá láti òkun, gbogbo wọn jọ tẹrí ba, wọ́n sì jọ gbérí.

Abọ́dúnrìn la ẹnu, kò sí nǹkan kan tó jáde. Ó tún un là. Àdá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ sínú iyanrìn, kò dún. Ó rántí bí bàbá rẹ̀ ṣe máa ń wú iṣu ńlá ní Ìkọ̀lé: bí orí rẹ̀ bá ti yọ, bàbá á dá ọwọ́ dúró, á ṣí fìlà, kò ní sọ̀rọ̀. Òun àti àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ máa ń fi ṣẹ̀fẹ̀. Ó gbọ́wọ́ sórí láti ṣí fìlà. Kò sí fìlà níbẹ̀. Ó ṣí i bẹ́ẹ̀ náà.

Fèrèsé Màmá Zinsu ṣí. “Abọ́dúnrìn, kí ló...” Màmá ò parí rẹ̀. Ó ní “Jiwheyẹwhe ṣie,” jẹ́jẹ́, bí ẹni tó wà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Lọ́tẹ̀ yìí, kò pa fèrèsé dé.

Tabitha ló kọ́kọ́ rí ọ̀rọ̀ sọ. “Ṣé ẹ rí i pé ewúrẹ́ yẹn gbọ́ ohun tí obìnrin inú fóònù wí? Ẹ̀yin nìkan lẹ ò gbọ́.”

Abọ́dúnrìn wo ọwọ́ ìyàwó rẹ̀, iyanrìn wà léèékánná. Ó wo ẹ̀yìn ọgbà, wọ́n ti wọ́ ọkọ̀ ojú omi kúrò níbẹ̀. Omi àràárọ̀ yẹn wá yé e.

“Ìwọ lo tọ́jú wọn?”

“Ta ni ẹ rò pé ó ń ṣe é? Mo rí i tí wọ́n ń yọ láti abíyá lọ́sẹ̀ tí Sísí gé wọn. Mo ní kí Zinsu wọ́ ọkọ̀ rẹ̀ lọ.”

Ohùn tí Abọ́dúnrìn wá fi béèrè èyí tó kù kéré, kò sẹ́ni tó gbọ́ irú rẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ rí. “Ìkọ̀lé ńkọ́?”

“Mo ti pè wọ́n lọ́sẹ̀ tó kọjá.”

Abọ́dúnrìn yíjú sí òdòdó. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá, òdòdó ò tíì là. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá, kò sí nǹkan kan tí ẹnikẹ́ni lè rí.

“Mo ní n ò wá mọ́,” Tabitha sọ.

“Ṣùgbọ́n o ò tíì rí i nígbà yẹn!”

“N ò tíì rí i.” Tabitha bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fọwọ́ gbé orí òdòdó pupa kan, ó wò ó pẹ́. “Mò ń bomi sí wọn láàárọ̀ ọjọ́ kan ni mo ro ẹni tó máa máa bomi sí wọn bí mo bá lọ. Inú bí mi sí onítọ̀hún. Mi ò tilẹ̀ mọ̀ ọ́n, inú ń bí mi sí i.” Ó fa sísọ́ọ̀sì yọ lápò aṣọ, ó nà án sí ọkọ rẹ̀. “Ó yá. Òdòdó tó bá ti rọ, gígé là ń gé e, kí òmíràn lè yọ. Àbí ẹ tún fẹ́ sọ ti bàbá yín fún mi?”

Abọ́dúnrìn gbà á, ó sì gé e. Kò tíì gé orí nǹkan kan rí láyé rẹ̀ lórí ebè. Ó di òdòdó rírọ náà mú, kò mọ ibi tó máa jù ú sí, ni imú dúdú kan bá yọ láàárín imọ̀ àgbọn.

“Sísí!” Màmá Zinsu kígbe láti ojú fèrèsé. “Àbùkù ewúrẹ́! Máa bọ̀ níbí!”

Abọ́dúnrìn gbọ́wọ́ sókè sí màmá pé kó jọ̀wọ́. Ó rìn lọ sídìí ọgbà pẹ̀lú bàtà ẹsẹ̀ kan, ó tẹrí ba, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé òdòdó náà fún ewúrẹ́.

“Ẹ káàárọ̀ o, Ọ̀gá,” ó ní. “Ẹ kú iṣẹ́.”

Ohùn rẹ̀ rọlẹ̀ débi pé kò sí ará Apa kankan tó dáhùn.