Irun Kan Lábẹ́ Ìwé Mẹ́wàá

Ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ni mo ti ń fi ọwọ́ to eegun ẹ̀yìn àwọn èèyàn. Ẹni tó bá tẹ̀ kọ́rọ́ wọlé á dúró ṣánṣán jáde. Ọwọ́ Ẹ̀rọ̀ ni wọ́n ń pè mí. Ẹ má rẹ́rìn-ín o: ó ti tó oṣù mẹ́ta tí ìka ọwọ́ ọ̀tún mi ti kú. Pajápajá ló kọ́kọ́ ń ṣe mí, mo ní yóò lọ. Nígbà tí pajápajá náà lọ lóòótọ́, kò ku nǹkan kan mọ́.

Mo wá ń fi ojú ṣiṣẹ́. Bí mo bá tẹ ibì kan tí aláìsàn lọgun, mo ti mọ̀ pé ibẹ̀ ni.

Fọ́ọ̀mù tí ìjọba fi ń sọ láísẹ́ńsì wa dọ̀tun bi mí bóyá ọwọ́ mi méjèèjì ṣì ń mọ nǹkan lára. Mo kọ bẹ́ẹ̀ ni. Ọmọ mi obìnrin ń wò mí látẹ̀yìn.

"Mọ́mì, ọrùn èèyàn lẹ fẹ́ fi ṣeré yìí. Bí ẹ bá sọ ẹnì kan di arọ ńkọ́?"

"Gbẹ́nu ẹ dákẹ́. Bí wọ́n bá gba láísẹ́ńsì yìí, kí ni mo tún jẹ́ láyé?"



Ṣùgbọ́n òfin ni pé ẹni tó bá ti lé ní ọgọ́ta ọdún, ìgbìmọ̀ gbọ́dọ̀ rán ẹnì kan wá dán ọwọ́ rẹ̀ wò. Ta ni wọ́n máa rán, bí kò ṣe Gàgàrà! Èmi ni mo kọ́ ọ níṣẹ́ fún ọdún mẹ́ta kó tó lọ bá ìjọba ṣiṣẹ́. Ó ga tó bẹ́ẹ̀ tó fi ń bẹ̀rẹ̀ kó tó wọlé mi.

"Ẹ káàárọ̀, mà."

"Káàárọ̀. Rọra, má fi orí gbá ilẹ̀kùn mi."

Ó wo bẹ́ẹ̀dì, ó wo ibi tí mo ti ń fọwọ́, ó wo láísẹ́ńsì tí mo gbé kọ́ sókè ilẹ̀kùn. Ó wá kó ìwé funfun mẹ́wàá jáde. Ìdánwò tí gbogbo wa ń ṣe nìyí: wọ́n á fi irun kan sórí tábìlì, wọ́n á kó ìwé mẹ́wàá lé e, wọ́n á ní kí o fi ìka wá a. Bí o kò bá rí irun lábẹ́ ìwé, báwo lo ṣe fẹ́ rí eegun tó yẹ̀ lábẹ́ ẹran ara?

"Ẹ kọjú sógiri, mà."

Mo kọjú sógiri. Mo gbọ́ tí ìwé ń dún wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́.

"Ó yá, mà."

Mo gbé ọwọ́ lé e. Àfi bíi pé ọwọ́ ẹlòmíràn ni mo fi ń pa tábìlì. Mo ń fà á lọ, mo ń fà á bọ̀. Mo wá rántí pé nígbà tó ń kọ́ṣẹ́, igun òsì nísàlẹ̀ ló máa ń fi irun sí fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Mo fi ìka kan ibẹ̀.

"Ìhín nìyí."

"Ó dá yín lójú, mà?"

"Ìwọ Gàgàrà, ṣé o fẹ́ kọ́ mi níṣẹ́ ni?"

Ó ń ṣí ìwé náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ṣí ìkẹwàá. Kò sí irun kankan níbẹ̀.

Háà. Èmi gan-an ni mo dá ọgbọ́n yẹn. Mo fi mú òun náà rí nígbà tó ń kọ́ṣẹ́, mo sì sọ lójú gbogbo wọn pé, "Ọwọ́ tí kò lè sọ pé òun ò rí nǹkan, ọwọ́ apààyàn ni." Ẹkún ló sun délé lọ́jọ́ náà.

Kò sọ ọ̀rọ̀ yẹn padà sí mi. Ó ń wo ilẹ̀.

"Ẹ jẹ́ ká tún un ṣe, mà. Màá fi irun sí i lọ́tẹ̀ yìí." Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Igun ọ̀tún, lókè."

Awakọ̀ kan ń dúró dè mí níta, tí ọrùn rẹ̀ ti yí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mò ń gbọ́ tó ń kérora. Mo wá ìbínú nínú ara mi, mi ò rí i. Mo wá ẹkún, kò sí. Gbogbo ara mi ti dà bí ìka yẹn.

"Kọ ọ́ sílẹ̀," mo ní.

"Kí n kọ kí ni, mà?"

"Ohun tí o rí ni kó o kọ. Lẹ́yìn náà, fọwọ́ ẹ, kó o lọ bá mi wo ọrùn ọkùnrin tó wà níta yẹn. Bẹ̀rẹ̀ láti èjìká o."

Mo gun àga, mo yọ láísẹ́ńsì náà kúrò lókè ilẹ̀kùn. Gàgàrà na ọwọ́ sí mi kí n lè sọ̀ kalẹ̀, mo dì í mú. Ojú mi ló sọ fún mi pé mo dì í mú.