Obìnrin Tó Kan Tábìlì

Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Bọ̀dá Gègé ti gbàgbé pátápátá. Ó ti ń fẹ̀yìn ti àga olórí nínú yàrá àyẹ̀wò, ó ń béèrè lọ́wọ́ Olóhùn pé ọmọ rẹ̀ ńkọ́, ó tiẹ̀ ń fún un ní bisikíìtì jẹ, bí ẹni pé kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín wọn rí. Olóhùn á gba bisikíìtì náà, á dúpẹ́, á jẹ ẹ́ tán. Ẹ má fojú ẹ̀rín wò ó o. Inú rẹ̀ ń hó bí omi orí iná.

Iléeṣẹ́ ìtẹ̀wé ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́. Kí wọ́n tó tẹ ìwé kankan, àwọn méjèèjì ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò. Obìnrin yìí á mú èyí tí òǹkọ̀wé fọwọ́ ara rẹ̀ kọ, á máa kà á sókè. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní Olóhùn. Bọ̀dá Gègé, tí bírò kì í kúrò létí rẹ̀, á máa fojú bá a lọ nínú èyí tí àwọn atẹ̀wé ṣẹ̀ṣẹ̀ tò, á sì máa tún ibi tí kò bá bára mu ṣe. Iṣẹ́ náà ò le, àfi tó bá di ti Gẹ̀ẹ́sì. Gẹ̀ẹ́sì ò ṣeé fi etí nìkan mọ̀. Wọ́n á ní "there", wọ́n á ní "their", ohùn kan náà. Ọ̀kan ń tọ́ka sí ibì kan, èkejì ń sọ àwọn tó ni nǹkan. Wọ́n á ní "stationery", ìyẹn bébà àti bírò, wọ́n á tún ní "stationary", ìyẹn ohun tó dúró sójú kan. Tí ẹnu bá ti pè é tán, ta ni yóò mọ èwo ni?

Àwọn tó ti ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ṣáájú wọn ló dá ọgbọ́n tábìlì sílẹ̀. Bí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ bá dé, ẹni tó ń kàwé á fi ìka kan tábìlì: ẹ̀ẹ̀kan fún ọ̀kan, ẹ̀ẹ̀mejì fún ìkejì rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ní iye tirẹ̀, wọ́n sì mọ gbogbo rẹ̀ sórí bí èèyàn ṣe ń mọ orúkọ àwọn àbúrò rẹ̀. "Principal", ọ̀gá iléèwé, ẹ̀ẹ̀kan. "Principle", ìlànà tí èèyàn ń tẹ̀ lé, ẹ̀ẹ̀mejì.

Orí ọ̀rọ̀ yìí gan-an ni ìjà ti bẹ̀rẹ̀. Iléèwé ńlá kan gbé ìwé ìrántí wá tẹ̀, wọ́n sì fẹ́ kí oyè ọ̀gá wọn hàn gàgàrà lára èèpo ìwé. Olóhùn kà á, ó kan tábìlì lẹ́ẹ̀kan, ó sì kàn án dáadáa. Ìwé jáde, ọ̀gá iléèwé ti di ìlànà lójú gbogbo ayé. Àwọn òbí fi ṣe yẹ̀yẹ́, iléèwé dá ìwé padà, wọ́n ní àwọn fẹ́ mọ ẹni tó dójú ti àwọn. Obìnrin tó ni iléeṣẹ́, ẹni tí gbogbo wọn ń pè ní ọ̀gá, ránṣẹ́ pe àwọn méjèèjì. Bọ̀dá Gègé ò tiẹ̀ jẹ́ kí ó béèrè lẹ́ẹ̀mejì.

"Mà, kò kan tábìlì," ó ní. "Èmi ò gbọ́ kí ó kan nǹkan kan."

Irọ́ gbuu. Síbẹ̀ wọ́n kó gbogbo òṣìṣẹ́ jọ sí gbọ̀ngàn ẹ̀rọ, wọ́n ní kí Olóhùn dúró láàárín kí ó tọrọ àforíjì. Ó tọrọ rẹ̀. Ó fẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun lòun jẹ̀bi. Kí ni ì bá ṣe? Ọmọ ń bẹ nílé tó ń retí ohun tí yóò jẹ. Àga olórí yàrá àyẹ̀wò, tí ọ̀gá ti ṣèlérí fún un, wọ́n gbé e fún Bọ̀dá Gègé. Ọjọ́ yẹn ni Olóhùn pinnu pé bí iná ò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ ò ní tán léèékánná. Bó ṣe gba àga mọ́ òun lọ́wọ́, òun náà á lé e kúrò nílé iṣẹ́.

Wọ́n ní sùúrù ni baba ìwà. Olóhùn ṣe sùúrù, ṣùgbọ́n sùúrù ológbò tó ń ṣọ́ eku ni. Níbi tó ti ń ṣọ́ ọ ló ti rí nǹkan kan. Tó bá ti kan tábìlì báyìí, Bọ̀dá Gègé á kọ ọ̀rọ̀ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé, ì báà jẹ́ pé èyí tí wọ́n tò tọ́, ì báà jẹ́ pé kò tọ́. Kí ló dé tí èèyàn ń tún ohun tí kò bàjẹ́ ṣe? Lọ́jọ́ kan, ó mọ̀ọ́mọ̀ kan tábìlì lẹ́ẹ̀mejì níbi tó yẹ kí ó kàn án lẹ́ẹ̀kan. Ọ̀rọ̀ tó tọ́ wà níwájú ọkùnrin yìí kedere, ó sì kọ èyí tí kò tọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ní kí Olóhùn máa kà á lọ. Nígbà tó jáde lọ mumi, Olóhùn yára pa á rẹ́. Bọ̀dá Gègé ò ríran mọ́. Ó ń rí tábìlì, ó ń rí èèyàn, ó ń rí i pé ìlà wà lórí bébà, ṣùgbọ́n lẹ́tà kéékèèké ti di èèrà lójú rẹ̀. Ìka Olóhùn ló fi ń jẹun.

Ẹlòmíì á ṣàánú. Olóhùn rẹ́rìn-ín, ó pa ẹnu mọ́, ó ń retí ọjọ́ tí gbogbo èèyàn á wà níbẹ̀.

Ọjọ́ náà dé. Tíṣà àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì gbé ìwé wá, ìwé àwọn ọmọ iléèwé lórí àwọn ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ohùn wọn bára mu àti bí a ṣe ń lo ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Láti ìbẹ̀rẹ̀ dé ìparí, ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ló kún un fọ́fọ́. Tíṣà ní òun ò kúrò níbẹ̀ títí òun á fi rí bí wọ́n ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò, ọ̀gá náà sì wá jókòó tì í. Bọ̀dá Gègé yọ bírò létí, ó rẹ́rìn-ín músẹ́ sí alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀.

"Olóhùn mi, ó yá."

Olóhùn tẹ́ ìwé sórí tábìlì, ó kó ọwọ́ méjèèjì lé itan. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà. "Weak. Week. Brake. Break." Kò kan nǹkan kan.

Bírò Bọ̀dá Gègé dúró sójú afẹ́fẹ́. "O ò kan tábìlì."

"Ṣé mo máa ń kàn án tẹ́lẹ̀ ni?" Ohùn rẹ̀ rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Ẹ̀yin náà lẹ sọ fún ọ̀gá pé mi ò kàn án."

"Má ṣe bẹ́ẹ̀ sí mi. Èwo ló ṣáájú nínú méjèèjì?"

"Ó wà níwájú yín, Bọ̀dá. Ẹ wò ó."

Ọ̀gá gbójú sókè. "Gègé, fi ti tábìlì sílẹ̀ ná, ohun tí wọ́n tò wà lọ́wọ́ ẹ. Ka ìlà yẹn fún wa, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan."

Bọ̀dá Gègé gbé bébà sún mọ́ imú. Ó gbé e jìnnà. Ó dìde lọ síbi fèrèsé, ó yí i síbí, ó yí i sọ́hùn-ún. Òógùn ń bọ́ lójú rẹ̀, Tíṣà sì yọ awò ojú tirẹ̀ kúrò, ó ń wò ó bí ẹni ń wo ọmọ tó fẹ́ ṣubú. Nígbà tó pẹ́, ó gbé bébà sílẹ̀.

"Mi ò rí i, mà."

"Ti èèpo ìwé ọjọ́sí ńkọ́?" Olóhùn ni ó béèrè.

Bọ̀dá Gègé kọjú sí ọ̀gá. "Ó kàn án, mà. Mo gbọ́ ọ. Mo rò pé èyí tí wọ́n tò tọ́ ni, mi ò rí i dáadáa, ẹ̀rù sì bà mí." Ó yíjú sí Olóhùn. "Ẹ ṣàánú mi, Àǹtí. Ta ni yóò gbà mí síṣẹ́ pẹ̀lú ojú yìí?"

Kò fi "ẹ" bá a sọ̀rọ̀ rí láyé. Ó dùn mọ́ Olóhùn dé ọ̀fun, èmi ò ní purọ́ fún yín. Ọ̀gá ní Olóhùn ni wọ́n ṣẹ̀, kí ó sọ ohun tó fẹ́.

"Kí ó lọ," Olóhùn ní. "Ṣùgbọ́n kí wọ́n pa ẹ̀rọ ná. Kí ó dúró síbi tí mo dúró sí, kí ó sọ ọ́ sétí gbogbo wọn."

Wọ́n pa ẹ̀rọ. Bọ̀dá Gègé dúró láàárín gbọ̀ngàn, ó sọ ọ́: ó ní obìnrin náà kan tábìlì, òun lòun purọ́ mọ́ ọn. Olóhùn dúró de ariwo, ó dúró de òṣé. Kò sí èyí tó gbọ́. Gbogbo wọn ń wo ẹsẹ̀ ara wọn. Bàbá Onímáṣíìnì, àgbà inú wọn, ń fi àkísà nu ọ́ìlì lọ́wọ́.

"A mọ̀, ọmọ mi," ó ní.

"Ẹ mọ kí ni, Bàbá?"

"Bébà ò tíì dé lọ́jọ́ tí ẹ ń ka èèpo ìwé yẹn, ẹ̀rọ ò ṣiṣẹ́. Pákó fẹ́ẹ́rẹ́ ló là wá láàárín. O kan tábìlì débi pé mo ní aáyán lò ń pa. Kò sí ẹni tí kò gbọ́ ọ nínú wa."

"Ẹ gbọ́ ọ, ẹ wá ń wò mí tí mò ń tọrọ àforíjì?"

"Ta ni yóò sọ̀rọ̀?" Bàbá ò gbójú sókè. "Yàrá ọ̀gá ló fara ti tiyín jù, ó sì wà nínú ẹ̀ lọ́jọ́ náà. Iléèwé ń wá ẹni tí wọ́n á dá lẹ́bi, wọ́n fẹ́ kí ọ̀rọ̀ tán kíá. Tí ọ̀gá bá gbọ́ tí wọ́n dákẹ́, èmi ta ni?"

Ọ̀gá ń wo aago ọwọ́ rẹ̀. Tíṣà ń wo ọ̀gá.

Ohun tó dùn lọ́fun Olóhùn lẹ́ẹ̀kan wá korò bí orógbó. Láti ọjọ́ yìí wá, ọkùnrin tí kò ríran ló ń bá jà, àwọn tó fetí ara wọn gbọ́ ọ sì ń kí i ní ẹ káàárọ̀ lójoojúmọ́. Inú bí i ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ó rìn lọ síbi tí Bọ̀dá Gègé dúró sí, ó dì í lápá mú, ó fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ẹ kúrò níbẹ̀, Bọ̀dá. Tiyín ti tó."

Lẹ́yìn náà ló yíjú sí obìnrin tó ni iléeṣẹ́, ó sì nawọ́ sí àárín gbọ̀ngàn.

"Ó ku ẹ̀yin, mà."