Òbúkọ Ìkómọ Ilé Elkanah

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó yìí, ẹ sún mọ́ mi díẹ̀. Ìtàn òbúkọ kan tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tú ọ̀rẹ́ ká ni mo mú wá fún yín.

Ní Logbaba, ní ìlú Douala, ilé Elkanah káfíńtà àti ti Mùktárù tó ń ta báàgì ládùúgbò Akwa kọjú síra. Ọ̀kan ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, èkejì ń lọ mọ́ṣáláṣí. Ojú ọ̀run ṣáà tẹ́yẹ fò láì fara kanra. Àṣà kan ló so wọ́n pọ̀: ẹran yòówù tí wọ́n bá fẹ́ pa nílé Elkanah, Mùktárù ló ń dúńbú rẹ̀, kí àwọn Mùsùlùmí àdúgbò lè bá wọn jẹ ẹ́. Bí Iléyá bá sì dé, Tinúadé ìyàwó Elkanah ló ń se ọbẹ̀ ilé Mùktárù.

Ẹniọlá ọmọ Elkanah wá bímọ. Nígbà tí ìkómọ ku ọ̀la, Akínfẹ́mi, alàgbà tuntun ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn, yà sílé Elkanah.

"Bísímílà ni wọn ó ṣe sí ẹran ìkómọ onígbàgbọ́? Ẹ̀rù ò tiẹ̀ bà yín, Bọ̀dá Elkanah?"

Ẹ̀rù tí kò ba Elkanah rí wá bà á. Ní ìdájí, ó fa òbúkọ lé alàgbà lọ́wọ́, alàgbà sì pa á. Ojú ti Elkanah débi pé kò ránṣẹ́ sí òdìkejì ọ̀nà.

Oòrùn yọ, Mùktárù dé tẹ̀rín-tẹ̀rín, ó fi aṣọ wé ọ̀bẹ rẹ̀. Ó rí ẹ̀jẹ̀ nílẹ̀.

"Bàbá Ẹniọlá, òbúkọ yín ò lè dúró dè mí ni?"

Elkanah sáré bu yẹ̀pẹ̀ bo ẹ̀jẹ̀ náà.

"Kò burú. Ọlọ́run á wo ọmọ." Mùktárù yí padà, ó lọ sílé.

Elkanah jókòó bí ẹni tí òjò pa. Ó mọ̀ pé bí Mùktárù ò bá jẹun níbi ìkómọ yìí, koríko á hù sójú ọ̀nà ilé méjèèjì.

"Ẹ dìde, Bàbá Ẹniọlá," ni Tinúadé wí. "Omi ló dànù, agbè ò fọ́. Àbí adìyẹ ti tán lọ́jà Japoma ni?"

Ọ̀kadà ni Elkanah fi lọ. Nígbà tó padà dé, òun fúnra rẹ̀ ló ru àwọn adìyẹ tó ń ké gbẹ̀ẹ́ lọ sẹ́nu ọ̀nà Mùktárù.

"Mo ṣàṣìṣe. Ẹ bá mi pa wọ́n."

"Alàgbà yín ńkọ́?"

"Ó ti ní òbúkọ tiẹ̀."

Mùktárù bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ di ẹsẹ̀ wọn mú dáadáa. Ọwọ́ tó ń di pákó mú ò mọ adìyẹ dì mú!"

Ìkòkò méjì ló wà níbi ìkómọ. Akínfẹ́mi bèèrè èyí tó jẹ́ tiwọn.

"Òbúkọ ni tiyín, sà," ni Tinúadé dá a lóhùn. "Adìyẹ ni ti gbogbo wa."

Òbúkọ náà yi bí awọ bàtà. Àwọn akọrin ṣọ́ọ̀ṣì ti yọ́ lọ sídìí adìyẹ, alàgbà nìkan ló ń fi eyín fà á. Mùktárù gbé itan adìyẹ kan sínú àwo alàgbà.

"Bí ẹ ò bá jẹ ẹ́, ẹ ṣáà máa wò ó."

Kò sẹ́ni tó rí ìgbà tí alàgbà jẹ ẹ́, ṣùgbọ́n eegun adìyẹ ló kù nínú àwo rẹ̀. Tinúadé tó fọ àwo náà ló sọ ọ́ fún Kẹ́misọ́lá ẹ̀gbọ́n mi, ẹnu Kẹ́misọ́lá ni mo sì ti gbọ́ ọ.