Òṣùwọ̀n Ìmọ́lẹ̀ tí Bàbá Fi Sílẹ̀

Owú kì í kan ilẹ̀kùn kó tó wọlé. Ìgbà tí àbúrò Oníaago tú áńkáṣíìfù lórí tábìlì iṣẹ́ rẹ̀, tí òṣùwọ̀n ìmọ́lẹ̀ bàbá wọn yọjú láàárín aṣọ, ni Oníaago tó mọ̀ pé àlejò burúkú náà kò tíì kúrò lọ́kàn òun.

"Ẹ̀gbọ́n mi, abẹ́rẹ́ ẹ̀ ò dìde mọ́," obìnrin náà wí. "Wọ́n ní ẹnì kan wà ní ìlú kejì tó mọ irú ẹ̀ tún ṣe, àmọ́ ọkàn mi ò gbà kí n fi ránṣẹ́ sí àjèjì. Ẹ bá mi wo inú ẹ̀."

"Aago ni mò ń tún ṣe."

"Ṣebí abẹ́rẹ́ ni abẹ́rẹ́ ń jẹ́."

"Bí ẹnu ẹ bá jẹ́ kámẹ́rà, kò sí ohun tí ò ní yà."

Ó rẹ́rìn-ín jáde lọ. Oníaago ò rẹ́rìn-ín.

Òun ni àkọ́bí. Òun ló kọ́kọ́ gbé àpò kámẹ́rà kọ́ èjìká tẹ̀lé bàbá wọn tó jẹ́ onífọ́tò, kó tó yà sídìí aago. Òṣùwọ̀n yìí kò ju páálí ìṣáná lọ. Kì í lo bátìrì. Ìmọ́lẹ̀ tó bá kan gíláàsì iwájú rẹ̀ ló ń gbé abẹ́rẹ́ dìde, abẹ́rẹ́ á sì tọ́ka sí nọ́ńbà tí onífọ́tò yóò yí kámẹ́rà rẹ̀ sí. Nígbà tí bàbá ń lọ sílé ìkẹyìn, ọwọ́ àbúrò ni wọ́n fi í sí. Àdúrà ni wọ́n gbà fún àkọ́bí. Ó ṣe àmín sí i, ṣùgbọ́n àmín náà ò kọjá ètè. Láti ìgbà náà, bí ẹnikẹ́ni bá ti ń yin fọ́tò àbúrò rẹ̀, ńṣe ni oúnjẹ ń korò lẹ́nu rẹ̀. Orin ìyìn ló máa ń fi bo owú náà mọ́lẹ̀ lọ́jọ́ Ìsinmi, ohùn rẹ̀ á sì ròkè ju ti gbogbo ìjọ lọ.

Ó tú ẹ̀yìn òṣùwọ̀n náà. Kò pẹ́ tó fi rí ohun tó ń ṣe é: èérún irin kan, tó kéré ju hóró iyanrìn lọ, ni òòfà inú rẹ̀ fà mọ́ra, tó wá dínà mọ́ abẹ́rẹ́. Ẹni tí kò mọṣẹ́ á ki ẹ̀mú irin bọ̀ ọ́, òòfà á sì gbá ẹ̀mú náà mọ́ abẹ́rẹ́. Oníaago fi ìda rírọ̀ sórí igi ìṣáná, ó fi lẹ èérún náà jáde. Ìmọ́lẹ̀ ojú fèrèsé bà lé gíláàsì, abẹ́rẹ́ sì dìde bí ọmọ tí a pè lórúkọ.

Inú rẹ̀ dùn. Ó dùn débi pé ó fẹ́ ké sí ẹnì kan wá wò ó. Ta ni ì bá sì ké sí bí kò ṣe àbúrò rẹ̀, tí yóò tún gbé e lọ, tí wọn yóò tún máa yìn? Ìgbà náà ni ọwọ́ tó ti ń tún nǹkan ṣe láti èwe ṣe ohun tí kò ṣe rí. Ó dá èérún irin náà padà sáyè rẹ̀, ó sì dé e.

Nígbà tí àbúrò padà dé, Oníaago ní, "Ó ti kú."

Obìnrin náà jókòó. "Ó dáa. Fọ́tò onífíìmù parí fún mi nìyẹn. Mi ò lè fojú wọn ìmọ́lẹ̀ bíi tiyín."

"Bíi tèmi báwo?"

"Àbí ẹ ti gbàgbé? Bàbá á kọ́kọ́ fi àtàǹpàkò bo abẹ́rẹ́, wọ́n á ní ká dárúkọ iye tá a rò. Ẹ̀yin kì í ṣì í. Èmi, bí mo bá pe mẹ́jọ, ẹ lọ wá a nídìí mẹ́rìndínlógún." Ó fi áńkáṣíìfù nu ojú. "Lọ́jọ́ tí wọ́n fún mi, wọ́n ní, 'Gbà, ìwọ lo nílò rẹ̀. Ti ẹ̀gbọ́n ẹ wà lójú ẹ̀.'"

"Wọn ò sọ fún mi."

"Ta ní ń sọ fún olójú pé ó lójú?"

Oníaago tẹjú mọ́ tábìlì. Ohun tó ti ń jowú lé lórí látọjọ́ yìí, àṣé ọ̀pá tí wọ́n fún arọ ni. Òun tó lẹ́sẹ̀ ló ń du ọ̀pá. Ó sì tún ti ṣẹ́ ọ̀pá náà mọ́ arọ lọ́wọ́. Ó lè dákẹ́. Kò sẹ́ni tó rí i, àfi Ẹni tí kì í sùn.

"Má tíì dìde," ó wí. Ó tú ẹ̀yìn òṣùwọ̀n náà níṣojú rẹ̀, ó fi ìda yọ èérún irin náà. Abẹ́rẹ́ dìde.

Àbúrò wo abẹ́rẹ́, ó wo orí ìda, ó wo ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀. "Ẹ ní ó ti kú."

"Mo purọ́. Mo ti tún un ṣe tẹ́lẹ̀, mo sì tún bà á jẹ́. Ìlara ló mú mi ṣe é."

Àwọn aago ara ògiri ń sọ̀rọ̀, olúkúlùkù pẹ̀lú àkókò tirẹ̀. Àbúrò gbé òṣùwọ̀n náà, ó kọjú rẹ̀ sí fèrèsé, ó fi àtàǹpàkò bo abẹ́rẹ́.

"Ó jẹ́ mélòó?"

Oníaago wo ìmọ́lẹ̀ tó sùn sára ògiri. "Mẹ́jọ."

Àbúrò gbé àtàǹpàkò kúrò. "Mọ́kànlá ni."

"Kò lè jẹ́ mọ́kànlá. Abẹ́rẹ́ yẹn ló ń purọ́."

"Ẹ̀yin lẹ tún un ṣe," àbúrò wí, ó sì ń wá ibi tó fi áńkáṣíìfù rẹ̀ sí, kó lè fi wé òṣùwọ̀n náà.