Fèrè Rhoda ní Jẹ́tì Igbokoda

"Ẹ̀rẹ̀kẹ́ kọ́! Ikùn ni kó ti wá!" Bàbá Jímọ́ọ̀ fi àtẹ́lẹwọ́ gbá ikùn ara rẹ̀ pàù.

Rhoda tún fọn fèrè náà. Ohun tó jáde dà bí ìgbà tí èèyàn tẹ pẹ́pẹ́yẹ mọ́lẹ̀. Pẹ́pẹ́yẹ aládùúgbò kan tilẹ̀ dáhùn lábẹ́ afárá pákó, méjì mìíràn sì sáré jáde wá wò bóyá ọmọ wọn ló ń ké.

"Ó ti ń dáa," ni Bàbá wí. "Àwọn yẹn ti gbọ́. Ó ku èèyàn."

Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù kẹrosíìnì Bàbá ni wọ́n wà. Ọdún mẹ́rìnlélógún ni Bàbá fi ṣe ọmọ ogun ojú omi kó tó padà wálé. Fèrè kékeré yìí, tó tẹ̀ díẹ̀, tó ní ọmọ bọ́ọ̀lù oníhò lórí, ni wọ́n fi ń pàṣẹ nínú ọkọ̀ ogun, níbi tí atẹ́gùn kì í ti í jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ẹnu ara wọn. Bí o bá la ọwọ́, ohùn rẹ̀ á lọ sílẹ̀. Bí o bá fi ìka bo bọ́ọ̀lù náà, ohùn á ga sókè. Ó ti pé ọ̀sẹ̀ méjì tí Rhoda ti ń bá a jà. Ètè rẹ̀ ti wú.

Kò sì lè ṣíwọ́. Ọdún mọ́kàndínlógún ló ti ń dúró sí etí jẹ́tì Igbokoda, tó ń fi ẹnu to ọkọ̀ ojú omi: èyí tó kàn, èyí tó ti kún, èyí tó gbọ́dọ̀ dúró kí òmíràn lè wọlé. Wọ́n ní bó bá pe Zion Pepe ní Igbokoda, àwọn ará Zion Pepe á ti máa di ẹrù. Àfi ìgbà tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ gẹ̀gẹ̀ fún un, tí ohùn kò padà mọ́. Kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ló kù. Èyí tó wá ń bí i nínú jù ni pé ẹni tó bá bá a sọ̀rọ̀, òun náà á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

Bí Kingsley, alága àwọn awakọ̀ ojú omi, ṣe wá bá a nìyẹn. "Màmá," ó sọ ọ́ sí i létí, "tó bá di Ọjọ́bọ̀ tó kẹ́yìn oṣù yìí, ẹ fi hàn wá pé ẹ ṣì lè dá ọkọ̀ dúró. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, a ó fi ẹlòmíràn síbẹ̀."

"Alága, kí ló dé tí ẹ̀yin náà ń sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́?" ni Rhoda dáhùn. "Ṣé wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún ẹ̀yin náà ni?"

Ó kọ́kọ́ ra fèrè rẹfirí. Àwọn awakọ̀ ní góòlù mélòó ni. Fèrè yẹn, ohùn kan ṣoṣo ló ní; kò mọ 'dúró' yàtọ̀ sí 'máa lọ'. Ìgbà yẹn ló gba ọ̀dọ̀ Bàbá Jímọ́ọ̀ lọ.

"Gbọ́ mi, ọmọ mi," ni Bàbá wí. "Ohùn gíga, tó gùn, tí kò gbọ̀n: dúró nìyẹn. Bí a bá ti gbọ́ ọ, ohunkóhun tí a ń ṣe, a ó dúró gbọnin. Ohùn gíga tó já wá sílẹ̀: máa lọ. Bí wọn ò bá fọn ìyẹn, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ mira."

"Títí di ìgbà wo?"

"Títí wọ́n á fi fọn ọ́n!"

Nírọ̀lẹ́ Ọjọ́rú, ohùn náà jáde, ó tinrín, ó mú bí abẹ́rẹ́. Àwọn pẹ́pẹ́yẹ kò dáhùn. Bàbá sì fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, ó ní èéfín ni.

Ilẹ̀ Ọjọ́bọ̀ mọ́, jẹ́tì kún fọ́fọ́. Alága káwọ́ pọ̀nyìn, ó ń wò. Promise, awakọ̀ kan tí ẹnu rẹ̀ yá ju ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lọ, ń kó èrò Zion Pepe.

"Màmá, ẹ rọra fọn ọ́n o!" ló ń pariwo. "Ẹ má lé ẹja wa lọ sí Kòtónù!"

Bàbá Jímọ́ọ̀ fẹ́ lọ kí àbúrò rẹ̀, òun ló sì gbẹ̀yìn wọ ọkọ̀ Promise. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti wà nínú ọkọ̀, èkejì ṣì wà lórí jẹ́tì. Ìgbà yẹn gan-an ni Rhoda rí ọkọ̀ kan láti ìlú Abereke tó yọ lójijì lẹ́yìn ọkọ̀ ńlá kan tí wọ́n so mọ́lẹ̀, tó ń sáré bọ̀ pẹ̀lú èrò àti apẹ̀rẹ̀ ẹja. Promise kò rí i. Ọwọ́ rẹ̀ ti wà lórí ẹ́ńjìnnì, ó fẹ́ fẹ̀yìn jáde.

Rhoda fọn dúró.

Ẹ̀yin èèyàn, ó jáde! Ó ga, ó gùn, kò gbọ̀n rárá. Kò sì sí ẹni tó dúró. Promise rẹ́rìn-ín, ó fa ẹ́ńjìnnì. Nínú gbogbo èrò tó wà níbẹ̀, ẹnì kan ṣoṣo ló gbọ́ àṣẹ.

Bàbá Jímọ́ọ̀ lẹ ọwọ́ méjèèjì mọ́ itan. Ó na àyà, ó gbé àgbọ̀n sókè. Ẹsẹ̀ kan nínú ọkọ̀, ẹsẹ̀ kan lórí jẹ́tì. Ọkọ̀ ń lọ. Jẹ́tì kò lọ. Bàbá ń fẹ̀, ó ń fẹ̀, kò mira, títí tí sòkòtò fi ya fàà, tí omi sì gbà á, gbìyàmù!

"Yéè! Bàbá ti kó sómi!"

Promise pa ẹ́ńjìnnì. Lójú ẹsẹ̀ náà ni ọkọ̀ Abereke já kọjá lẹ́yìn rẹ̀ fìrì, ó súnmọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí Bàdírátù ẹlẹ́ja, tó jókòó níwájú ọkọ̀ ọ̀hún, fi ọwọ́ bojú. Omi ta sí gbogbo wọn lára.

Orí Bàbá yọ jáde. Omi dé àgbọ̀n rẹ̀, ó sì dúró gbọnin lórí ẹrẹ̀.

"Bàbá, ẹ máa bọ̀!" ni Promise ké.

"Wọn ò tíì fọn ọ́n!"

Rhoda gbé fèrè sẹ́nu. Ẹ̀ẹ̀kan, èémí lásán. Ẹ̀ẹ̀mejì, pẹ́pẹ́yẹ. Ẹ̀ẹ̀kẹta, ohùn ga, ó já wálẹ̀. Bàbá sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ bọ̀.

Ẹ̀rín bú. Alága pàtẹ́wọ́. "Ó parí! Fèrè ti gba ọkọ̀ méjì là! Màmá, ẹ̀yin lẹ ni iṣẹ́ yín."

Jẹ́tì hó yèè. Ká ní Rhoda dákẹ́, ọ̀rọ̀ ti tán. Ó mi orí. Àwọn èèyàn ní láti pa ẹnu mọ́ kí wọ́n tó gbọ́ ọ.

"Alága, fèrè kò dá Promise dúró. Bàbá tó ṣubú ló dá a dúró. Ṣé ojoojúmọ́ la ó máa ju arúgbó sómi ni?"

"Kí wá ni ká ṣe?"

"Èmi nìkan ni mo kọ́ èdè tó yẹ kí gbogbo wa gbọ́. Awakọ̀ tí kò bá mọ ohun tí fèrè ń sọ, kò ní kúrò níbí lónìí."

"Lónìí tí èrò pọ̀ báyìí! Bí wọ́n bá kọ̀ ńkọ́?"

Rhoda bọ́ okùn fèrè lọ́rùn, ó gbé e lé Alága lọ́wọ́. "Kí ẹ wá ẹni tó lóhùn."

Alága ń wo fèrè bí ẹni tí wọ́n gbé ọmọ ọlọ́mọ fún. Àwọn awakọ̀ ń wo ẹsẹ̀ ara wọn. Promise ṣì ń wo ibi tí ọkọ̀ Abereke gbà kọjá, tí omi ṣì ń ru. Ó so ọkọ̀ rẹ̀ padà mọ́ òpó. Ó gun orí jẹ́tì, ó gba fèrè náà lọ́wọ́ Alága, ó fi ọwọ́ méjèèjì nà án sí Rhoda.

"Ẹ bẹ̀rẹ̀ látorí dúró, Màmá," ló wí. "Kí ẹ rọra o. Orí mi kì í tètè gba ẹ̀kọ́."

Lẹ́yìn rẹ̀, ẹnì kan pa ẹ́ńjìnnì. Ẹlòmíràn náà pa tirẹ̀.