Ojú Eyín Lára Ṣíbí Fàdákà

Ìlọrin ni Ìsmáílà ti kọ́ iṣẹ́ fàdákà lọ́wọ́ bàbá rẹ̀. Ó ti lé lọ́dún mẹ́rìnlá tó ti ń tún òrùka àti ẹ̀gbà ọwọ́ ṣe ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní àdúgbò Vickery Meadow lókè òkun, kò sì sí oníbàárà tó bá a wí rí. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ Ìyáàfin Whitcomb fi rú u lójú.

Òyìnbó àgbàlagbà ni obìnrin náà. Ṣíbí fàdákà kan ló mú wá, tí alágbẹ̀dẹ kan ní Boston rọ fún àwọn ìyá ńlá rẹ̀ ní nǹkan bí igba ọdún sẹ́yìn. Lẹ́tà méjì tí ọkùnrin náà fi sàmì sí iṣẹ́ rẹ̀ ṣì wà lẹ́yìn ṣíbí náà.

“Ọwọ́ rẹ̀ ti là. Ẹ bá mi jó o pọ̀.”

Ìsmáílà jó o, ojú jíjó náà kò hàn. Ó wá rí i pé etí ṣíbí náà kún fún kòtò wẹ́wẹ́, bí ìgbà tí eku jẹ nǹkan. Àánú obìnrin náà ṣe é. Ó fi òòlù kékeré lù ú títí gbogbo rẹ̀ fi tẹ́jú, ó sì nù ún títí ó fi ń kọ mànà.

Lọ́jọ́ Friday, Ìyáàfin Whitcomb gba ṣíbí náà, ó fi àtàǹpàkò ra etí ṣíbí náà lẹ́ẹ̀kan, ó tún ra á, ó sì jókòó.

“Eyín wọn dà?”

Ìsmáílà wo orí tábìlì, ó wo ilẹ̀. Eyín kẹ̀? Àbí eyín obìnrin náà ló bọ́?

Zahrah ọmọ rẹ̀, tó ń bá a gba oníbàárà, ló bèèrè ọ̀rọ̀ náà délẹ̀. “Daddy, gbogbo ọmọ tó bá ń hu eyín nínú ìdílé wọn ló máa ń gé ṣíbí yẹn jẹ. Ojú eyín wọn lẹ lù pa.”

Ara Ìsmáílà tutù. Lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀, ọ̀lẹ ló ń dá iṣẹ́ padà tòun ti kòtò lára.

“Ẹ má bínú, Mà. Mo rò pé ó bàjẹ́ ni. Mo lè ṣe kòtò náà padà.”

“Eyín ta ni ìyẹn máa wá jẹ́?”



Lọ́sẹ̀ kejì, ó ya Ìsmáílà lẹ́nu pé obìnrin náà gbé ṣíbí márùn-ún tó kù nínú mẹ́fà tí wọ́n jọ rọ wá. “Ẹ kàn fọ̀ wọ́n. Ẹ má tún nǹkan kan ṣe.”

Bó ṣe ń fọ̀ wọ́n ló rí ibì kan lẹ́yìn ọ̀kan tó dà bíi pé òòlù alágbẹ̀dẹ àtijọ́ náà ti yẹ̀. Ọwọ́ ń yún un láti tẹ́ ẹ. Kò tẹ́ ẹ.

“Mà, àṣìṣe ni èyí, àbí ẹ fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀?” ló bi í nígbà tí obìnrin náà padà dé.

Ìyáàfin Whitcomb gbé e súnmọ́ ojú. “Mi ò rí i rí. Àṣìṣe ni?”

“Èmi náà ò mọ̀, Mà.”

Àwọn méjèèjì dorí kodò lórí ṣíbí náà, wọ́n ń wò ó.