Ẹ Wọn Orí Náà

"Ọwọ́ mi yìí ló tún ọmọ mi rán!"

Ìyá aránṣọ ló ń fọ́nnu bẹ́ẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn, teepu tó fi ń wọn àwọn oníbàárà rọ̀ dirodiro lọ́rùn rẹ̀. "Egungun lásán ni wọ́n gbé lé mi lọ́wọ́. Ẹ wá wo omidan! Òní la ó dágbére fún wọn níbí."

Ọmọbìnrin tó ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, tí àìsàn àìlèjẹun gbé dé ilé ìwòsàn, yí ojú sí ògiri. Láti ìgbà tí ara rẹ̀ ti ń padà bọ̀ sípò ni ìyá ti ń wọ̀n ọ́n láràárọ̀ lójú àwọn oníbàárà, bí aṣọ tí aláṣọ fẹ́ wá gbà. "Ìbàdí ti dé! Àyà ti dé!" Wọ́n á sì pàtẹ́wọ́. Wọn ò mọ̀ pé ohùn kan ṣì wà nínú orí rẹ̀ tó ń bú u lórí gbogbo òkèlè: wọ̀bìà, aláìnítìjú, tu ú dànù! Bí wọ́n bá dá ìtọ́jú dúró lónìí, òun àti ohùn yẹn ló kù.

Nọ́ọ̀sì pè wọ́n wọlé. Ọmọ gun òṣùwọ̀n. Ìwọ̀n ara rẹ̀ pé! Ìyá bẹ́ sí ijó, ó fìdí gbá tábìlì. Àǹtí, àbúrò ìyá tó sìn wọ́n wá, na ọwọ́ gbá ọmọ nídìí.

"Ó tó báyìí o! Má sanra jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ta ni yóò fẹ́ àgbá?"

Nǹkan já nínú ọmọbìnrin náà. Ó fa teepu yọ lọ́rùn ìyá, ó wé e mọ́ orí ara rẹ̀.

"Ẹ wọn orí náà, màmá! Ibí ni àìsàn wà! Ìdí mi lẹ ń kan sáárá sí. Ta ló bi mí léèrè ohun tí mò ń gbọ́ tí mo bá gbé ṣíbí? Èébú ni!"

"Ta ló ń bú ọ?" Ìyá ká apá aṣọ sókè. "Mú un wá! N ó fi ẹ̀rọ rán ẹnu rẹ̀ pa!"

"Orí mi ló wà! Ohùn Àǹtí ló sì fi ń sọ̀rọ̀!"

Àǹtí lanu. "Èmi kẹ̀? Èmi tí mi ò tíì fẹnu kan nǹkan láti àná, torí kí aṣọ tí màmá ẹ rán fún mi má bàa há!"

"Àná péré?" ni ìyá wí. "Tíì lásán lèmi fi ń gbé ọjọ́ ró!"

Nọ́ọ̀sì wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ṣí bírò.

"Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀," ló wí, "ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni kẹ́ ẹ wá."